Àdúgbò Tí Olùwádìí Èdè Wọ̀ Sí ní Àjàṣẹ́, àti Èdè Tí Ó Gbọ́ Níbẹ̀

Ní ọdọọdún, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó jáde lọ sí pápá ìwádìí, wọn a máa wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kì í ṣe ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tàbí ìwé ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Ọ̀gá, níbo ni kí a wọ̀ sí ní Porto-Novo?" Tẹ́lẹ̀, èsì mi kì í gùn. Mo máa ń ní kí wọ́n wá ibi tí iná àti omi bá wà, tí owó rẹ̀ kò sì ní ga jù. Mo ti jáwọ́ nínú irú èsì bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé pé àdúgbò tí olùwádìí bá wọ̀ sí wà lára ọgbọ́n ìwádìí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí yíyan abẹ́nà ìmọ̀ ṣe wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá ro ibẹ̀ dáadáa lè kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ sílẹ̀ láìmọ̀. Mo mọ̀, nítorí pé mo ti kọ irú rẹ̀ rí.

Ìlú tí mo ń sọ yìí ní orúkọ mẹ́ta. Àwa tí a ń sọ Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́. Àwọn Ègùn ń pè é ní Hogbonu. Porto-Novo ni orúkọ tí àwọn Potogí fún un ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, òun sì ni ìjọba ń lò. Bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣe sọ ọ́, àwọn ọdẹ Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Accron lónìí, kí Te-Agbanlin tó ti Allada wá, tí ó sì fìdí ìjọba àwọn Ègùn múlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò Yorùbá wọlé láti oríṣiríṣi ìlú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn Àgùdà náà ti Brazil dé. Ẹni tí ó bá wo mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tí ó wà ní àárín ìlú, tí wọ́n kọ́ bí ìgbà tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia, yóò mọ̀ pé wọ́n dé lóòótọ́. Ọ̀wọ́ ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó jókòó sí. Èyí ni kò jẹ́ kí èdè tú ká ní ìlú náà bí iyọ̀ ṣe ń tú ká nínú ọbẹ̀. Bí o bá bù ú ní ìhín, kì í ṣe ohun tí o máa tọ́ wò ní ọ̀hún.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ ṣe ìwádìí fún ìwé àṣekágbá mi, Ouando ni mo wọ̀ sí, ní apá àríwá ìlú. Mo ní ìdí tí ó dára lójú mi nígbà náà. Ọjà ńlá wà níbẹ̀, mọ́tò pọ̀, ọ̀nà tí ó lọ sí Ṣàkẹ́tẹ́, Ìpóbẹ́ àti Kétu gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Ìgòlò ní ẹnubodè Nàìjíríà yóò gba ibẹ̀. Mo gba yàrá kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni mo ń gbọ́ Yorùbá. Inú mi dùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Yorùbá tí mo ń gbọ́ jẹ́ ti àwọn tí ń kọjá lọ: àwọn obìnrin tí ń gbé ẹrù ti Nàìjíríà bọ̀, àwọn awakọ̀ tí ń pe èrò Kétu, àwọn Ọ̀họ̀rí tí wọ́n wá ta àgbàdo. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ará ilé ní àdúgbò mi, ní ọ̀gbà tí mo wà àti ní ọ̀gbà tí ó kọjú sí wa, Ègùn ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, wọ́n sì ń fi Faransé kún un. Bí mo bá kí àwọn ọmọ wọn ní Yorùbá, wọn a wò mí, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sá lọ.

Láti inú ohun tí mo rí yìí ni mo ti kọ gbólóhùn kan sí orí ìparí ìwé mi. Mo ní Yorùbá ní Àjàṣẹ́ jẹ́ èdè ọjà àti èdè àgbàlagbà, àti pé àwọn ọmọdé ìlú náà kò sọ ọ́ mọ́. Gbólóhùn náà kúrú, ó sì dùn ún gbọ́, nítorí náà ó rìn jìnnà. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ lẹ́yìn mi mú un lò. Ọ̀kan nínú wọn fi ṣe ìdí tí kò fi gba ohùn ọmọdé kankan sílẹ̀. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ìpàdé kan tí a ti ń jíròrò lórí ìwé kíkà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan dìde, ó ka ọ̀rọ̀ mi sókè, ó ní níwọ̀n ìgbà tí olùwádìí ti fi hàn pé ọmọ Porto-Novo kò gbọ́ Yorùbá mọ́, kí ni a tún ń náwó lé ìwé Yorùbá fún wọn lórí sí? Mo wà nínú yàrá náà. Mi ò ní ohun tí mo lè sọ, torí èmi ni mo kọ ọ́.

Nígbà tí mo padà lọ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, kì í ṣe ọgbọ́n ni ó gbé mi lọ sí àdúgbò mìíràn. Ibi tí mo fẹ́ wọ̀ sí ti kún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìyá rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní ìlú àtijọ́, kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí ńlá yẹn. Mi ò ní dárúkọ agbo ilé náà. A ń pe màmá yìí ní Alájà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, lẹ́yìn tí mo ti kí wọn, tí mo sì ti jẹun tán, wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo wá ṣe. Mo ṣàlàyé. Mo tilẹ̀ sọ ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ fún wọn.

"Ta ló sọ fún ẹ pé àwọn ọmọ wa ò gbọ́ Yorùbá?"

"Èmi náà ni mo rí i bẹ́ẹ̀, Alájà. Mo wà ní Ouando fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ní Ouando. Ìgbà wo lo jí ní àárọ̀ nínú ilé wa rí?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí ìpè àdúrà. Àwọn ọmọ ilé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún Alájà, wọ́n ń kí wọn ní Yorùbá tí ó já gaara. Alájà bi wọ́n bí wọ́n ti sùn, wọ́n dáhùn. Wọ́n rán ọ̀kan, ọmọbìnrin tí kò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ, pé kí ó lọ ra àkàrà àti ẹ̀kọ. Mo tẹ̀ lé e. Nínú ilé, "àkàrà" ni ó pè é. Nígbà tí a kọjá ẹnu ọ̀nà, tí a dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ń dín in, ó ní kí wọ́n fún òun ní "atà", èyí tí í ṣe orúkọ rẹ̀ ní Ègùn. Ó bá àwọn ọmọ tí ó bá níbẹ̀ sọ Ègùn títí tí ó fi gba tirẹ̀. Nígbà tí ó padà wọ inú ọ̀gbà, ó tún bẹ̀rẹ̀ Yorùbá. Ní agogo méje ààbọ̀ ó wọ aṣọ ilé-ìwé, ó ní òun ń lọ "lekọ́ọ̀lù". Ọ̀rọ̀ àyálò láti inú Faransé nìyẹn, ṣùgbọ́n inú gbólóhùn Yorùbá ni ó fi sí.

Àṣé ẹnu ọ̀nà ni ààlà èdè fún ọmọ yìí, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró sí òde nígbà àkọ́kọ́, mo sì fi ohun tí mo gbọ́ lóde ṣèdájọ́ ohun tí ó wà nínú ilé. Mo tún fi àdúgbò kan ṣèdájọ́ gbogbo ìlú. Mi ò tíì mọ èyí tí ó burú jù nínú méjèèjì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé kí gbogbo wa lọ wọ̀ sí ìlú àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé Alájà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe òdìkejì ni ǹ bá ṣe. Wáàsí tí mo gbọ́ níbẹ̀, Yorùbá ni. Àwọn àlejò tí ń wọlé wá kí Alájà, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, àní àwọn Ègùn tí ó wà nínú wọn pàápàá, nítorí ọ̀wọ̀ ilé. Ǹ bá padà sí ilé kí n sì kọ ọ́ pé Yorùbá ló gba Àjàṣẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ìrìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá síbẹ̀, agbo ilé àwọn Ègùn ni ó pọ̀, tí ọmọ kan kò ní ìdí láti sọ Yorùbá láti ìdájí títí di òru. Tí ẹ bá fẹ́ ibi tí èdè méjèèjì ti ń pàdé ní gbangba, ẹ lọ sí ìjọ Sẹ̀lẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìlú yìí ni Samuel Biléou Oschoffa ti dá ìjọ náà sílẹ̀ ní 1947, Ègùn àti Yorùbá sì wà nínú orin wọn láti ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè orin àti èdè ìsìn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ má fi ka iye ẹni tí ń sọ èdè nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ àdúgbò kì í ṣe tuntun nínú ìmọ̀ ìlò èdè láwùjọ. Lower East Side ni William Labov gbájú mọ́ nínú ìwádìí rẹ̀ lórí èdè New York, tí ó tẹ̀ jáde ní 1966. Lesley Milroy yan àdúgbò mẹ́ta ní Belfast, Ballymacarrett, Hammer àti Clonard, ó sì wọlé tọ àwọn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ wọn; ìwé rẹ̀ jáde ní 1980. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ àwọn ọdún wọ̀nyí lórí fún ìdánwò. Tí wọ́n bá ń wá yàrá, wọn kì í rántí wọn mọ́.

Báwo wá ni a ṣe ń yan ibi tí a ó wọ̀ sí? Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ ni pé kí ènìyàn má ṣe máa ti Kútọnu lọ kí ó máa ti ibẹ̀ bọ̀. Mo mọ̀ pé ó rọrùn. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ, ilé ìtura sì pọ̀ ní Kútọnu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń dé ní agogo mẹ́wàá tí ó sì ń padà ní agogo márùn-ún, èdè ọ̀sán nìkan ni yóò bá. Ní ọ̀sán, àwọn ọmọ wà ní ilé-ìwé, àwọn ìyá wà ní ọjà, àwọn bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́. Èdè tí a fi ń jí ọmọ, èdè tí a fi ń bá a wí, èdè tí tọkọtaya fi ń jà ní òru, kò sí èyí tí ó máa dúró de mọ́tò Kútọnu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ó ń sọ Yorùbá. Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni ó sì ń sọ. Ẹ fetí sí èdè tí ó fi ń bá ọmọ rẹ̀ wí nígbà tí kò rántí pé ẹ wà níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ lọ jókòó sí ìdí alákàrà àdúgbò náà ní àárọ̀ kan, kí ẹ gbọ́ bóyá "àkàrà" ni àwọn ọmọ tí a rán ń wí, tàbí "atà". Ọ̀nà yìí kò péye, nítorí pé ọmọ Alájà sọ méjèèjì níṣojú mi. Síbẹ̀ ó sàn ju kí a béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà, ìyẹn àwọn tí a ń pè ní zémidjan, tí yóò gbé àlejò lọ sí ibi tí ó rò pé àlejò fẹ́.

Ẹ tún mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìwádìí. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé yunifásítì ni ẹ ti wá, Yorùbá tí wọ́n gbọ́ ní rédíò àti nínú fíìmù Nàìjíríà ni wọn yóò máa fi bá yín sọ̀rọ̀, kí ó lè yé yín, kí ó sì lè bá ipò yín mu. Iyì ni wọ́n ń bu fún yín. Alájà pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó jágbe mọ́ mi ní èdè ilé wọn nítorí pé mo da omi sí ibi tí kò yẹ, ọjọ́ yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀.

Ti ariwo náà wà níbẹ̀. Páànù ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú àtijọ́. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kò sí ohùn tí ẹ̀rọ lè gbà. Òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, kékeré rẹ̀ sì ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Nítorí náà, bí ìwádìí yín bá jẹ́ ti ohùn àti fonẹ́tíìkì, ẹ lọ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìlò èdè, òjò kò burú, torí pé inú ilé ni gbogbo ènìyàn yóò jókòó sí.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ béèrè nípa òru. Àwọn Ègùn ní Zangbeto tí ń ṣọ́ ìlú, Yorùbá sì ní Orò. Àwọn alẹ́ kan wà tí àlejò kò gbọdọ̀ rìn. Àwọn kan sì wà tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde rárá. Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa, mo máa ń sọ ọ́ láìfi bò pé kí wọ́n má wọ̀ sí ilé tí kò sí ìyá àgbà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà ni yóò sọ alẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Òun kan náà ni àwọn ọmọdé máa ń sún mọ́ jù, nítorí náà ọgbọ́n ìwádìí àti ti ààbò bá ara wọn mu níbẹ̀.

Ti ọjà Adjarra, tí kò jìnnà sí ìlú, ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń ka ọjọ́ rẹ̀. Ìwé àwọn arìnrìn-àjò ní Faransé yóò sọ pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ná an. Àwọn ìyá wa yóò ní ọrọọrún ni. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Àwa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti pàdánù ọjọ́ ọjà nítorí èyí, ó sì yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ ọ́n.

Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, wàhálà yìí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ̀ sí inú Kétu, ní ibi tí kò jìnnà sí Àkábà Ìdẹ̀nà, yóò gbọ́ èdè Kétu ní òde àti nínú ilé. Àwọn àdúgbò tuntun tí ó wà lójú títì ni ó ti ní láti ṣọ́ra. Atakpamé ní Togo ni ó sún mọ́ ti Àjàṣẹ́. Èdè Ewe ni ẹ ó máa gbọ́ ní ọjà, tí Ifẹ̀ sì wà nínú agbo ilé, nítorí náà ẹni tí ó bá wọ̀ sí ìdí ọjà yóò padà wá sọ fún wa pé Ifẹ̀ ti ń kú.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń pín ọjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ilé méjì, ọ̀kan ní agbo ilé Yorùbá, ọ̀kan ní ọ̀dọ̀ àwọn Ègùn tàbí ní àdúgbò tuntun tí ènìyàn gbogbo dàpọ̀ sí. Owó mọ́tò àti ẹ̀bùn fún onílé kejì kò tó nǹkan. Mo sì ti fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù tí a ń kọ mọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan tí a bá gbà: àdúgbò tí olùwádìí ń sùn sí, irú ènìyàn tí ó wà nínú ilé náà, iye ọjọ́ tí ó ti lò níbẹ̀ kí ó tó gba ohùn náà, àti ẹni tí ó mú un wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ìlà yẹn ti pọ̀ jù, wọ́n ní ta ni yóò kà á. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kà á báyìí, kí n tó ka dátà.

Ẹ̀dà ìwé àṣekágbá mi ṣì wà ní ilé ìkàwé ẹ̀ka wa. Mo ti fi ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ ojú ewé tí gbólóhùn yẹn wà. Ohun tí mo kọ sí i ni pé: "Ouando ni mo wà, lójú títì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò wọ inú ilé ẹnikẹ́ni tí ń sọ Yorùbá kí n tó kọ èyí." Ẹni tí ó bá fẹ́ mú un lò, kí ó mú méjèèjì pọ̀.